Bí a ṣe ń ṣí adágún òṣíbàtà kékeré nípò nínú ọgbà ilé

Ìdí tí ènìyàn fi máa ń ṣí adágún òṣíbàtà nípò kò pọ̀. Igi tí a gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì tóbi bí apá ti di ràbàtà, òjìji rẹ̀ ti bo omi, òdòdó kò sì yọ mọ́. Tàbí a fẹ́ fa ilé gùn sí i. Tàbí kó jẹ́ pé ibi tí a gbẹ́ ẹ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò dára: òjò rọ̀ báyìí, gbogbo ìdọ̀tí àgbàlá wọ́ wọ inú rẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Adágún tí kò bá ju mítà méjì lọ ní gígùn, ènìyàn méjì á ṣí i nípò láìpe ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kankan, bí wọ́n bá fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo wí, kì í ṣe ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo rò pé àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ti tó. Mo fa òṣíbàtà mẹ́ta jáde nígbà tí ihò tuntun kò tíì mù mí dé orúnkún, mo tẹ́ wọn sórí koríko, mo ní kí n kàn yára parí èyí tó kù. Àfi bí ṣọ́bìrì ṣe kan gbòǹgbò igi kan tó tó ọrùn ọwọ́. Kí n tó gé e kúrò, ewé tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á ti ká láti etí wá sí àárín. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí bébà. Kò tíì pé wákàtí kan o. Ìdí wọn kò kú, nítorí òṣíbàtà kì í tètè kú, ṣùgbọ́n gbogbo àkókò tó yẹ kí wọ́n fi tanná lọ́dún yẹn, ewé ni wọ́n fi wá. Láti ìgbà náà, òfin kan ni mo ń tẹ̀lé: ilé tuntun á parí, omi á ti wà nínú rẹ̀, kí ọwọ́ tó kan ilé àtijọ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣe é

Ìgbà tí òṣíbàtà bá ń yọ ewé tuntun ni kí ẹ ṣí i, nítorí ìgbà náà ni ọgbẹ́ ara rẹ̀ máa ń tètè jiná. Níbi tí òtútù ti máa ń mú omi dì, ìyẹn ni ìgbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Níbi tí kò sí irú òtútù bẹ́ẹ̀, ìgbà kìígbà ló dára, bí oòrùn kò bá ti le jù. Irú òṣíbàtà tó jẹ́ ti ilẹ̀ olóoru kò fẹ́ omi tútù rárá. Bí omi adágún tuntun kò bá tíì tó ìwọ̀n 21 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó wà ná. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run ló dára jù fún kíkó o. Bí kò bá sí ìkùukùu, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí tàbí kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ibi tuntun

Oòrùn ni ohun àkọ́kọ́. Òṣíbàtà fẹ́ kí oòrùn tàn sí i lójú tààrà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ewé ni ẹ ó máa rí. Ẹ má fojú díwọ̀n èyí. Ẹ kan èèkàn kan mọ́ ibi tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ máa lọ wò ó ní wákàtí wákàtí lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kí ẹ kọ ìgbà tí oòrùn dé ibẹ̀ àti ìgbà tó kúrò sílẹ̀. Ẹnu á yà yín. Ibi tí a rò pé oòrùn kì í kúrò ńkọ́? Ògiri ti máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ jìnnà sí igi ńlá, kì í ṣe nítorí òjìji nìkan. Ewé tó ń já bọ́ sínú omi máa ń jẹrà nísàlẹ̀, gbòǹgbò sì lè gún ọ̀rá adágún, ìyẹn ọ̀rá tí a ń tẹ́ sínú ihò kí ilẹ̀ má bàa fa omi mu, láti abẹ́ wá. Ẹ má sì gbẹ́ ẹ sí ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ọgbà. Àgbàrá á máa kó ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ wọ inú rẹ̀, bí omi inú ilẹ̀ bá sì ga sókè, ó lè ti ọ̀rá náà láti abẹ́ kó wú sókè bí ikùn. Ẹ rí i dájú pé páìpù omi tàbí wáyà iná kò gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá kí ẹ tó ki dígà bọ ilẹ̀.

Bí ọmọdé bá ń wọ ọgbà náà, ẹ gbé adágún síbi tí ojú lè ti máa tó o láti inú ilé, kí ẹ sì ronú nípa irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun bí àwọ̀n tí ẹ ó fi bo ojú rẹ̀. Omi tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ ti tó láti gba ẹ̀mí ọmọ kékeré.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gbẹ́ ihò

Ẹ fi okùn tàbí rọ́bà omi yí ilẹ̀ náà ká ní irú ìrísí tí ẹ fẹ́, kí ẹ lọ dúró lójú fèrèsé wò ó kí ẹ tó gbẹ́. Ìrísí tó rọrùn ló dára jù. Kọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rá tó ká jọ púpọ̀ ni.

Ní ti jíjìn rẹ̀, òṣíbàtà kékeré fẹ́ kí omi tó wà lórí rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, èyí tó tóbi díẹ̀ sì lè gbà tó 60. Ẹ rántí pé ìkòkò tí ẹ gbìn ín sí náà ní gíga tirẹ̀. Fún adágún kékeré nínú ọgbà, mo fẹ́ràn sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60 ní àárín, pẹ̀lú pèpéle kan létí tó jìn ní 20 sí 25. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, tí omi sì máa ń dì lágbègbè yín, ó gbọ́dọ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bá ọ̀pọ̀ adágún jẹ́ ni pé etí rẹ̀ kò dọ́gba. Ojú ènìyàn lè tan ara rẹ̀ jẹ, omi kì í tan ara rẹ̀. Bí etí kan bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ga ju èkejì lọ, omi á kún dé bèbè níhìn-ín, ọ̀rá dúdú á hàn síta lọ́hùn-ún, kò sì sí òdòdó tó lè bo ìtìjú yẹn. Ẹ fi pákó títọ́ kan dábùú ihò náà, kí ẹ gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì bíríkìlà lé e, kí ẹ sì yí pákó náà ká gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ kò bá ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, ẹ rọ omi sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, kí ẹ di ẹnu rẹ̀ méjèèjì mú sókè ní ẹ̀gbẹ́ méjì ihò náà. Níbi tí omi bá dúró sí lápá kan, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí lápá kejì. Kó má ṣáà sí afẹ́fẹ́ láàárín omi náà.

Ẹ má da erùpẹ̀ tí ẹ ń gbẹ́ jáde nù. Òun ni ẹ ó fi dí ihò àtijọ́. Bí ẹ bá sì kan amọ̀ nísàlẹ̀, ẹ bu báàkẹ́tì méjì pamọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ó rí ìlò rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀

Ẹ ṣa gbogbo òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti gbòǹgbò kúrò, kí ẹ tẹ́ yanrìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá adágún á tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń ṣírò títóbi rẹ̀ rèé: gígùn ihò, ẹ fi jíjìn rẹ̀ lọ́nà méjì kún un, kí ẹ tún fi sẹ̀ǹtímítà 60 lé e fún etí méjèèjì. Bákan náà ni fún ìbú. Ihò tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tó sì jìn ní ìdajì mítà, ọ̀rá tó gùn ní mítà 3.6, tó sì fẹ̀ ní mítà 3.1 ló máa gbà.

Ṣé a kò lè lo ọ̀rá àtijọ́ ni? Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ ṣẹ́ ẹ po níbi tí omi máa ń dé sí, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti ọdún yìí wá. Bí ó bá gan, tàbí tí ìlà funfun bá yọ níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ, ó ti gbó. Bí kò tilẹ̀ tíì gbó, ẹ kò lè yọ ọ́ láìkọ́kọ́ lé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ jáde, òfin tí mo sọ lókè á sì bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé àwo oníke líle ni adágún yín, tó jẹ́ pé òun náà lẹ fẹ́ gbé lọ, kò sí ọ̀nà àbáyọ: ẹ gbọ́dọ̀ wá àwọn bàsíà ńlá tí ẹ ó fi gbà wọ́n lálejò fún ọjọ́ kan, kí ẹ tò wọ́n síbi tí oòrùn kò dé.

Ìgbésẹ̀ 4: Omi

Adágún tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn lè gba omi tó lítà 1,500, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá dúró ṣánṣán. Kílò kan ni lítà kan, nítorí náà tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ ló fẹ́ jókòó sórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ rọ omi sí i dé ìdajì péré, kí ẹ máa fọwọ́ tẹ́ ọ̀rá náà bí ó ṣe ń jókòó, kí ẹ má sì gé etí rẹ̀ títí omi yóò fi kún pátápátá.

Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, kílóríìnì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ àti oòrùn, ó máa fò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ibòmíràn wà tó jẹ́ pé kíloráámínì ni wọ́n ń fi sínú omi, ìyẹn kì í sì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn tí a fi ń pa á lára omi ni ẹ ó fi sí i. Ẹ bi àwọn tó ń pín omi fún yín léèrè. Omi òjò kò ní wàhálà yìí.

Kí ló dé tí a fi rọ ìdajì péré? Nítorí omi àtijọ́ ló máa kún un. Òṣíbàtà nìkan kọ́ ni adágún. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí wà lára òkúta, lára ìkòkò àti nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sọ ìgbẹ́ ẹja di ohun tí ewéko lè jẹ. Omi tuntun kò ní wọn. Bí ẹ bá fọ gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní kí ẹ tó kó o lọ, ẹ ti pa wọ́n nìyẹn, ẹja á sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ìdọ̀tí ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọjọ́ ìkólọ

Láti àná ni kí ẹ ti dáwọ́ oúnjẹ ẹja dúró, kí ìgbẹ́ wọn má bàa pọ̀ nínú báàkẹ́tì.

Omi tó mọ́ lókè ni ẹ ó kọ́kọ́ fà lọ sí adágún tuntun, kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tó rú ẹrẹ̀ sókè. Bí ibi tuntun bá rẹlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, rọ́bà omi lásán ti tó: ẹ rì í sínú omi títí á fi kún, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ mú ẹnu kan lọ sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fà á. Tí ibi tuntun bá ga jù, pọ́ǹpù tàbí báàkẹ́tì ni. Lítà 750 pẹ̀lú báàkẹ́tì onílítà 20, ìrìn àjò mẹ́tàdínlógójì ó lé ni. Mo ti kà á pẹ̀lú ẹ̀yìn ara mi. Bí omi àtijọ́ bá ń rùn tàbí tí ẹja ti ń kú nínú rẹ̀, ẹ má kó o lọ rárá.

Lẹ́yìn náà ni òṣíbàtà. Ẹ má fi ewé fà á. Ọ̀pá ewé á já, ìkòkò á sì jókòó sísàlẹ̀ máa wò yín. Ẹ wọ inú omi, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìkòkò, kí ẹ jẹ́ kí omi ro jáde lára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e, nítorí ó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Báàkẹ́tì tàbí bàsíà tí omi adágún wà nínú rẹ̀ ni kó bọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Ewé tó bá yọ síta, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó tutù bò ó.

Ẹja ló kẹ́yìn. Nígbà tí ewéko bá ti kúrò, tí omi kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, wọn kò ní ibi tí wọ́n lè sá sí mọ́. Ẹ fi àwọ̀n kó wọn jẹ́jẹ́ sínú omi adágún kan náà, kí ẹ sì fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀. Ẹja tí ẹ̀rù bà á máa ń fò.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ bu báàkẹ́tì kan tàbí méjì lọ sí adágún tuntun. Èyí tó kù, ẹ kó o jọ sí bèbè adágún tuntun di ọjọ́ kejì, kí ìṣáwùrú àti ọmọ lámilámi tó wà nínú rẹ̀ lè wọ́ padà sómi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dà á sídìí àwọn ohun ọ̀gbìn yín. Ilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ ẹ má da ewéko tó bá ṣẹ́kù sínú odò tàbí gọ́tà. Ewéko omi tó kúrò nínú ọgbà ti dí ọ̀pọ̀ odò pa.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ pín in, ẹ tún un gbìn

Bí òṣíbàtà náà bá ti pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìkòkò kan náà, àsìkò rèé. Ẹ yọ ọ́ jáde sínú bàsíà omi. Ohun tí ẹ máa rí ni gbòǹgbò funfun tó ta kókó mọ́ra, àti láàárín rẹ̀, ìdí kan tó sanra, tó nà gbọọrọ bí atalẹ̀, tó ní ojú ibi tí ewé àtijọ́ ti já kúrò káàkiri ara rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá le, tó sì funfun nínú, ó yè. Ibi tó bá rọ̀, tó dúdú, tó sì ń rùn, ẹ gé e nù títí ẹ ó fi dé ibi tó funfun. Ẹ mú ọ̀bẹ tó mú, kí ẹ gé èyí tí ọ̀mùnú wà lórí rẹ̀, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ gé gbogbo ewé tó ti pọ́n kúrò, kí ẹ fi kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀.

Erùpẹ̀ alámọ̀ tó wúwo ni ẹ ó gbìn ín sí, amọ̀ tí mo ní kí ẹ tọ́jú lẹ́ẹ̀kan. Erùpẹ̀ dúdú fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n ń tà nínú àpò kò dára. Ó máa léfòó, ó máa jẹrà, ó sì máa sọ omi di àwọ̀ ewé. Irú òṣíbàtà tí ìdí rẹ̀ ń fà lọ lábẹ́ ilẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò, kí ọ̀mùnú rẹ̀ dagun sókè díẹ̀, kó kọjú sí àárín, kó lè rí ọ̀nà rìn. Èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ olóoru kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ dúró lójú kan, àárín ìkòkò ni tirẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ irú èyí tí ẹ ní, ẹ wo etí ewé: ti ilẹ̀ olóoru sábà máa ń ní eyín bí ayùn, òdòdó rẹ̀ sì máa ń nà sókè kúrò lójú omi. Ẹ má bo ọ̀mùnú mọ́lẹ̀. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú erùpẹ̀ kí ẹja má bàa tú u, kí ẹ sì rọ omi sí i jẹ́jẹ́ títí afẹ́fẹ́ á fi jáde tán, kí ẹ tó rì í.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gbé e sínú adágún tuntun

Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pá ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó kó tó lékè. Bí adágún àtijọ́ ṣe jìn sí ni ọ̀pá ewé tó wà lára rẹ̀ báyìí ṣe gùn sí. Bí ẹ bá jù ú sísàlẹ̀ ibi tó jìn ju ìyẹn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ewé á rì, wọn kò sì ní rí oòrùn. Ẹ to bíríkì sí abẹ́ ìkòkò kí ewé fi lè tẹ́ sójú omi, kí ẹ sì máa yọ bíríkì kọ̀ọ̀kan kúrò bí ewé tuntun ṣe ń dé òkè. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí abẹ́ bíríkì àkọ́kọ́ kó má bàa gé ọ̀rá. Tí ẹ bá ní omi tó ń tú sókè tàbí tó ń ṣàn wọlé, ẹ gbé òṣíbàtà jìnnà sí i. Kò fẹ́ omi tó ń rú, kò sì fẹ́ kí omi máa ta sí ewé rẹ̀ lára.

Ẹja kò gbọ́dọ̀ bọ́ láti inú omi kan sínú èkejì gbàgà. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi wọn, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó lójú adágún tuntun fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ máa bu omi tuntun sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ihò àtijọ́

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ yọ ọ̀rá rẹ̀, ó pẹ́ tán ọjọ́ kejì. Bí òjò bá rọ̀ sí i, tanwíjí á kún inú rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá nínú ooru, wọ́n ti di ẹ̀fọn. Ẹ dí i ní ìpele ìpele, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó yọrí díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, torí ó máa rọlẹ̀. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ń padà wá síbẹ̀ lálaalẹ́, ẹ má bínú sí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí ilé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà

Ewé àtijọ́ á pọ́n, àwọn kan á jẹrà. Ẹ gé wọn kúrò láti ìsàlẹ̀, ẹ má sì kó ìpayà. Omi náà lè di àwọ̀ ewé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìyẹn ewéko wẹ́wẹ́ tó rí oòrùn àti oúnjẹ láìsí ẹni tó bò ó lójú ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn da omi náà nù, kó rọ òmíràn. Omi tuntun, oúnjẹ tuntun ni fún wọn, ẹ ó kàn tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ní sùúrù títí ewé òṣíbàtà á fi bo nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú omi, omi á sì mọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fún ẹja ní oúnjẹ díẹ̀ fún oṣù àkọ́kọ́, kí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí náà lè pọ̀ tó ẹni tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún.

Ẹ má kánjú fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ máa wo inú omi láràárọ̀, lábẹ́ ojú omi níbi tí ọ̀mùnú wà: ewé tuntun á ti ibẹ̀ yọ, ó ká jọ láti ọ̀tún àti òsì bí ẹní kékeré, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tí ẹ bá ti ka irú rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti dé òkè tó sì ti tẹ́, ẹ wá ki hóró ajílẹ̀ kan tí a ṣe fún ewéko omi bọ inú erùpẹ̀ ìkòkò náà, kó jìn tó ìka, kí ẹ sì fi amọ̀ dí ojú ihò rẹ̀.